Ọkọ̀ Tí Kì Í Pariwo

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì oṣù kẹta

Wọ́n ti dé! Àwọn Ìyá Ìjọ ti dé. Bí mo ṣe ṣí fèrèsé láàárọ̀ ni mo rí wọn lórí erékùṣù tó wà láàárín adágún, funfun báláú lórí gbogbo igi, bí aṣọ tí wọ́n sá. Mo pariwo. Èmi tí mo kórìíra ariwo! Tíì dà sí mi lẹ́sẹ̀.

Èmi ni mo sọ wọ́n ní Ìyá Ìjọ. Ìrìn wọn ló fà á. Wọ́n á gbé ẹsẹ̀ kan, wọ́n á dúró, wọ́n á wo ọ̀tún wo òsì bóyá ẹnì kan ń hùwà tí kò yẹ, kí wọ́n tó gbé ìkejì. Ẹyẹ ńlá ni wọ́n, lékèélékèé ò ju ọmọ ọwọ́ lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ọdọọdún ni wọ́n ń wá yé síbí, láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọdé.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n yé, wọ́n sàba, ọmọ kan ṣoṣo ò yè. Gbogbo ìgbà ni nǹkan ń lé wọn dìde, tí wọ́n bá sì ti dìde, kannakánná á balẹ̀ sídìí ẹyin. Aláwò sọ̀rọ̀ kan fún mi nígbà náà tí kò kúrò lọ́kàn mi. (Aláwò ni mò ń pe olùwádìí tó ń gbé ní yàrá òkè pátápátá nílé àlejò wa, nítorí awò tó fi ń wo ọ̀nà jíjìn, tí kì í kúrò lọ́rùn ẹ̀.) Ó ní ẹyẹ báyìí kì í pẹ́ níbi tí kò bá ti rí ọmọ tọ́. Ó ní tí tọdún yìí bá tún bàjẹ́, ká má retí wọn mọ́. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò máa rọ̀ lọ́la.

Mo mọ ẹni tó bà á jẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ọmọ ìyá mi — Ẹ́ńjìnnì ni mò ń pè é. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ẹ̀ ń kó èrò tó wá wo ẹyẹ bí ọkọ̀ ọjà, ó di gbohùngbohùn mú lọ́wọ́ kan, ó fi ọwọ́ kejì tu ọkọ̀. "Ẹ wo ọ̀tún yín! Ẹ juwọ́ sí wọn!" Àwọn èrò á sì máa hó yèè. Tí wọ́n bá wá hó báyẹn lójú fèrèsé tèmi, èmi náà á fi ẹyin sílẹ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrin

Mo bá Àǹtí sọ ọ́. Láti àárọ̀ ni mo ti ń dá a sọ nínú yàrá. Àǹtí ni àbúrò ìyá wa, àwọn ló tọ́ èmi àti Ẹ́ńjìnnì nígbà tí Màmá kú, àwọn ló ni ilé àlejò yìí, tó ni èbúté, tó ni gbogbo wa. Mo ní kí wọ́n fún mi ní ọkọ̀ àjẹ̀ tó ń jókòó lásán lẹ́yìn ilé. Èrò díẹ̀. Kò sí ẹ́ńjìnnì, kò sí ọ̀rọ̀, kò sí fóònù. A ó rọra gba àárín koríko gíga, a ó dé ẹ̀gbẹ́ ìtẹ́ wọn gan-an láì jẹ́ kí wọ́n mọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, kó dúró sílé.

Àǹtí wò mí títí. Wọ́n ní, "Ta ló máa sanwó kí wọ́n lè ní kó panu mọ́?"

Mo ní wọ́n pọ̀. Mo ní ariwo ti sú àwọn èèyàn, pé ẹni tó ń gbé láàárín fóònù àti mọ́tò láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin, ibi tí kò sẹ́ni tó máa pè é ló ń wá.

Wọ́n ní kí n gbìyànjú ẹ̀ wò. Àǹtí fúnra wọn ló sọ ọ́ ní Ìrìn Jẹ́ẹ́. Nígbà tí Ẹ́ńjìnnì gbọ́, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ mú. Ó ní láti òní lọ, Jẹ́ẹ́ lorúkọ mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ keje

Irú ọjọ́ wo lèyí!

Mo kó wọn jáde láàárọ̀, ìkùukùu ṣì wà lójú omi. Kò sẹ́ni tó fọhùn. Ìró àjẹ̀ nìkan, àti omi tó ń kán lára ẹ̀. Ọkùnrin kan tó dé fìlà pupa fẹ́ húkọ́, ó fi fìlà náà dí ẹnu títí ojú ẹ̀ fi pọ́n. A wọ inú koríko, koríko ga jù wá lọ, a ò rí nǹkan kan — àfi bí a ṣe yọ sí wọn, nítòsí débi pé mo lè ka ìyẹ́ ara wọn. Ọ̀kan yí orí, ojú èmi àti ẹ̀ ṣe mẹ́rin.

Lẹ́yìn náà ni gbogbo wọn dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Fùùù! Ojú ọ̀run di funfun. Obìnrin kan nínú ọkọ̀ bú sẹ́kún, ó ń sunkún láì fọhùn, ó di ọwọ́ mi mú. Nígbà tí a dé èbúté, ó ní láti ìgbà tí ọkọ òun ti kú, àárọ̀ òní ni ọkàn òun kọ́kọ́ dákẹ́. Kí lèèyàn fẹ́ sọ sí irú ìyẹn? Èmi náà sunkún.

Dídìde yẹn nìkan ni kò tẹ́ mi lọ́rùn. Kò yẹ kí wọ́n dìde. Ẹ́ńjìnnì ló fà á — ó ti kọjá níwájú erékùṣù kí a tó jáde, ara wọn ò tíì balẹ̀. Màá bá a sọ ọ́.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹjọ

Apá mi o! Mo sùn di ọ̀sán.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án

Bọ́ọ̀sì ńlá kan já èrò sílẹ̀ ní èbúté. Wọ́n kún ibẹ̀ dẹ́múdẹ́mú. Ẹ́ńjìnnì kó wọn lọ, ó tún padà wá kó ìyókù. Láti orí àtẹ̀gùn ni mo ti ń gbọ́ wọn. Géńdé kan ju ike omi sínú adágún kí àwọn ẹyẹ lè fò fún fọ́tò ẹ̀, àwọn ará ọkọ̀ sì pàtẹ́wọ́ fún un. Wọ́n pàtẹ́wọ́! Díẹ̀ dìde nínú àwọn Ìyá Ìjọ, wọ́n yí po lẹ́ẹ̀kan, wọ́n balẹ̀. Orí mi gbóná. Mo sọ̀kalẹ̀ lọ bá Ẹ́ńjìnnì, ó ní òun ti bá géńdé náà wí, pé òun ti gba ike tó kù lọ́wọ́ ẹ̀. Bí ẹni pé ike ló fa gbogbo ẹ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkànlá

Ìrìn Jẹ́ẹ́ ti kún títí di òpin oṣù. Àwọn tó ń bọ̀ lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀rẹ́ àwọn tó wá lọ́sẹ̀ tó kọjá ni. Wọ́n á dé tìrora-tìrora, ìlú ti lù wọ́n pa. Tí wọ́n bá ń lọ, ojú wọn á ti dán. Àǹtí ti ń rẹ́rìn-ín sí mi lórí àtẹ̀gùn.

Ẹ́ńjìnnì ò rẹ́rìn-ín. Ó wá bá mi níbi tí mo ti ń gbọ́n omi inú ọkọ̀. Ó ní, "Jẹ́ẹ́, ṣé o fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn ọmọ mi ni?" Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ̀yin náà ń gba ọmọ lọ́wọ́ àwọn ẹyẹ." Ó ní àwọn ẹyẹ ò ráhùn fún òun rí. Ó ní ọdún wo ni òun ò wa ẹ́ńjìnnì níbí, ọdún wo ni wọn ò sì bímọ? Mo ní ọdún tó kọjá ńkọ́? Ó ní lọ́dún tó kọjá ni Àǹtí ra àwọn ọkọ̀ kéékèèké aláfẹsẹ̀wà yẹn, tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀ bíi kẹ̀kẹ́, fún àwọn tọkọtaya tó wá ṣeré, ṣé mo ti gbàgbé ni. Mo ní àwọn yẹn ò pariwo. Ó pòṣé, ó lọ.

Ọmọ ìyá mi nìyẹn o. Òun ló ń pọ̀n mí lọ sílé ìwé nígbà tí ẹsẹ̀ mi dá. Ọ̀nà tí mo gbà dá a lóhùn ò dùn mọ́ èmi náà nínú, ṣùgbọ́n òótọ́ ni mo sọ. Mo rò pé òótọ́ ni.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàlá

Mo rí èèpo ẹyin lójú omi. Kannakánná ló jẹ wọ́n. Mo rí i pẹ̀lú ojú ara mi — bí àwọn Ìyá Ìjọ ṣe dìde láàárọ̀ yìí ló balẹ̀, bí ẹni tó ti ń dúró dè wá. Dè wá kẹ̀? Kí ló dé tí mo kọ "dè wá"? Ẹ́ńjìnnì ò tiẹ̀ jáde lónìí, ìyàwó ẹ̀ ní ara ẹ̀ ò yá. Ṣùgbọ́n ó jáde lánàá. Ẹ̀rù àná ló ṣì wà lára wọn.

Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀rù àná ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìnlá

Àǹtí pe èmi àti Ẹ́ńjìnnì sí pálọ̀. Aláwò náà wà níbẹ̀, àpò ẹ̀ ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń padà sí yunifásítì. Mo sọ̀rọ̀ ẹyin. Mo sọ ọ́ pẹ̀lú ẹkún, mi ò mọ̀ pé ẹkún máa wá. Aláwò ní Ìrìn Jẹ́ẹ́ yìí dára, ó ní ibi gbogbo ló yẹ kí wọ́n ti máa ṣe é. Àǹtí ní kí Ẹ́ńjìnnì so ọkọ̀ ẹ̀ mọ́lẹ̀ títí àwọn ọmọ ẹyẹ á fi jáde.

Mo retí kó pariwo. Kò pariwo. Ó kàn wò mí, ó ní, "Ó dáa, àbúrò mi." Kò pè mí ní Jẹ́ẹ́. Èmi ni mo borí, kí ló wá dé tí kò dùn mọ́ mi?

Aláwò fi awò ẹ̀ kan sílẹ̀ fún mi. Ó ní kí n máa bá òun wò wọ́n.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Ó ti ta ẹ́ńjìnnì! Ó ti tà á! Ìyàwó ẹ̀ ló wá sọ fún mi níbi tí mo ti ń fọ aṣọ. Apẹja kan lódìkejì adágún ló rà á. Ìyàwó wa ò bínú, ìyẹn ló tún wá le jù. Ó ní ọkọ òun sọ pé bí àbúrò òun bá lè sunkún báyẹn nítorí ẹyin, á jẹ́ pé òun ló ṣẹ̀ lóòótọ́. Ó ní láti Àbámẹ́ta ni kò ti gbé gbohùngbohùn ẹ̀ jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Nírọ̀lẹ́ ẹ̀gbọ́n mi wá, ó ní kí n kọ́ òun ní àjẹ̀ wíwà. Ó fẹ́ bá mi ṣiṣẹ́. Mo ní kó kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ hàn mí. Ó ní, "Báyìí ńkọ́?" Àwọn adìẹ ẹ̀yìnkùlé sá. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa, bíi ti ìgbà tí Màmá máa ń ní ká lọ sùn, tí a ò ní lọ.

Mo gbàdúrà fún un kí n tó kọ èyí. Ọkùnrin tó ta ohun tó fi ń jẹun nítorí pé àbúrò ẹ̀ sọ pé kò dáa.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkàndínlógún

Kò sí ẹ́ńjìnnì mọ́. Kò sí gbohùngbohùn. Ẹ̀gbọ́n mi ń wa àjẹ̀ bí ẹni ń ro ẹ̀kọ, ó ti ká ètè wọlé nítorí ọ̀rọ̀ tó ń gbé mì.

Wọ́n dìde.

Wọ́n dìde, wọ́n pẹ́ lókè, kannakánná balẹ̀. Mo ní bóyá ìkùukùu tí kò sí lónìí ni. Bóyá aṣọ òdòdó obìnrin kan. Bóyá òórùn lọ́fínńdà. Ta ni mo fẹ́ bi? Ta ni mo tún fẹ́ dá lẹ́bi? Mo bojú wẹ̀yìn wo ẹ̀gbọ́n mi, kò sọ nǹkan kan. Òfin tèmi ni pé kó má sọ nǹkan kan.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkànlélógún

Jẹ́ kí n kọ ọ́ bó ṣe rí, bóyá ó máa yé mi.

Apá mi ò gbé mọ́, Àǹtí ní kí n sinmi. Ẹ́ńjìnnì àti Bàbá Olódòdó tó ń tọ́jú ọgbà ló kó èrò jáde. Mo mú awò Aláwò, mo gun òkè ẹ̀yìn ilé, mo jókòó sórí òkúta. Mo fẹ́ wo àwọn Ìyá Ìjọ lókèèrè. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù yìí, inú ọkọ̀ ni mo ti sábà ń wò wọ́n.

Ohùn ẹ́ńjìnnì ló kọ́kọ́ dé. Mo mọ ohùn yẹn bí mo ṣe mọ ohùn ẹni tó tà á. Apẹja òdìkejì ń gbé ẹja lọ, ó gba iwájú erékùṣù, ariwo ẹ̀ ń mi omi. Mo di awò mú, mò ń sọ fún ara mi pé, wò ó, wọ́n máa dìde báyìí. Wọn ò dìde. Àwọn kan gbé orí, wọ́n tẹjú mọ́ ọn láti ìgbà tó ti yọ títí tó fi kọjá, bí èèyàn ṣe ń wo aládùúgbò tó ń kọjá lójú títì. Wọ́n gbé orí sílẹ̀. Ọ̀kan ń tún ìtẹ́ ẹ̀ ṣe, kò tiẹ̀ bojú wẹ̀yìn.

Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ wa. Ọkọ̀ mi. Ó rẹwà láti òkè, ó ń léfòó bí ewé. Ó wọ inú koríko, mi ò rí i mọ́. Àwọn Ìyá Ìjọ náà ò rí i. Ara wọn balẹ̀, òmíràn ti fi orí sábẹ́ apá. Àfi wẹ́rẹ́ tí orí èèyàn yọ láti inú koríko, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtẹ́ gan-an, láìsí ìró, láìsí nǹkan kan. Gbogbo wọn fò! Ìfòyà ni, kì í ṣe ẹwà. Láti inú ọkọ̀, ojú ọ̀run funfun nìkan lèèyàn ń rí. Láti òkè, mo rí bí wọ́n ṣe ń kọlu ara wọn. Mo rí ẹyin kan tó yí bọ́ látorí ìtẹ́.

Ọ̀nì ló máa ń wá bá wọn báyẹn. Kò sí ohun mìíràn nínú adágún yìí tó ń gba inú koríko wá láì dún. Ọ̀nì, àti èmi.

Ọkọ̀ aláfẹsẹ̀wà ọdún tó kọjá náà, inú koríko yẹn ni àwọn tọkọtaya máa ń wà á lọ, kí ẹnikẹ́ni má baà rí wọn. Mo gbé awò sílẹ̀, mo tún gbé e. Ṣé ohun tí mo rí ni mo rí?

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejìlélógún

Kò lè rí bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàlélógún

Mo pe Aláwò. Mo ṣàlàyé fún un. Ó ní ó ṣeé ṣe. Ó ní ó tún lè jẹ́ pé kì í ṣe ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ló fà á, pé a sún mọ́ wọn jù ni. Ó lè jẹ́ méjèèjì. Ó ní èèyàn ò lè fi ọjọ́ kan sọ. Mo ní ẹ̀yin lẹ sọ níwájú Àǹtí pé ó dára. Ó ní, "Mo mọ̀. Bí mo ṣe rò ó nìyẹn. Tí ẹ bá lè dáwọ́ dúró ná, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dáwọ́ dúró." Ohùn ẹ̀ ti yí padà.

Ṣé kí ẹ̀gbọ́n mi máa kó èrò wá hó lé wọn lórí ló dáa nígbà náà? Ìyẹn náà ò dáa, mo rí géńdé oníke yẹn. Obìnrin tó sunkún yẹn ńkọ́? Kò parọ́ fún mi. Ọkàn ẹ̀ dákẹ́ lóòótọ́. Ẹ̀rù sì ba ẹyẹ lóòótọ́. Àárọ̀ kan náà, ọkọ̀ kan náà. Báwo lèèyàn ṣe ń kó méjèèjì sínú orí kan?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ya ẹnu nígbà oúnjẹ ọ̀sán, mo bu omi mu.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Iwájú erékùṣù ti ṣófo. Wọ́n ti lọ. Ìtẹ́ wà lórí igi, kò sẹ́nì kankan nínú wọn. Ẹ̀gbọ́n mi fi ọwọ́ hàn mí pé àwọn díẹ̀ ti sá lọ sẹ́yìn erékùṣù, níbi tí ọkọ̀ kankan kì í dé. Mo rí funfun wọn láàárín igi. Wọ́n ti tètè kó ìtẹ́ síbẹ̀, bóyá láti ìgbà tí ìyọnu ti bẹ̀rẹ̀.

Ojú ń tì mí níwájú àwọn èrò. Mo ti ń wá bí màá ṣe bẹ̀ wọ́n. Àfi bí a ṣe gúnlẹ̀ tí ọkùnrin onígíláàsì kan bọ̀ mí lọ́wọ́. Ó ní láyé òun, òun ò gbọ́ irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Ẹni tó wà lẹ́yìn ẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀ náà. Kò sí ẹyọ ẹnì kan tó béèrè ẹyẹ.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Mo sọ fún Àǹtí. Mo sọ gbogbo ẹ̀, láti orí òkè títí dórí fóònù Aláwò. Mo ní ká dá Ìrìn Jẹ́ẹ́ dúró, ó kéré tán títí àwọn ọmọ tó bá kù á fi jáde. A jọ ń ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì àwọn àlejò ni, wọn ò dáwọ́ dúró. Wọ́n ní ṣé ẹnikẹ́ni ti ráhùn? Mo ní rárá. Wọ́n ní ìyìn àná nìkan ju ti gbogbo oṣù lọ. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, mi ò fẹ́ kó dùn ẹ́. Ṣùgbọ́n àṣé àwọn ẹyẹ yẹn gan-an ló ń pariwo."

Mo dúró, mo di etí aṣọ mú. Mi ò mọ̀ bóyá ó yẹ kí n rẹ́rìn-ín.

Wọ́n ní láti Àbámẹ́ta kí a máa gba ẹ̀yìn erékùṣù, ibẹ̀ tún tutù jù. Mo ní Àǹtí, ibẹ̀ ni ìwọ̀nba tó kù sá sí. Wọ́n ní tí èmi ò bá lè lọ, Bàbá Olódòdó ti mọ ọkọ̀ ọ́n wà. Wọn ò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú. Wọ́n tún fi ọwọ́ pa mí lórí. Àǹtí kì í ṣe èèyàn burúkú, àwọn èrò yìí ló ń bọ́ gbogbo wa, ọ̀rọ̀ wọn yé mi. Ìyẹn gan-an ló ń dà mí láàmú. Ta ni mo tiẹ̀ ń ṣe é fún látọjọ́ yìí — ẹyẹ ni, àbí ìdákẹ́jẹ́ẹ́, àbí ara mi tó fẹ́ kí àwọn èèyàn máa di òun lọ́wọ́ mú?

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi. Mo kúnlẹ̀ sọ ọ́, lójú ìyàwó wa. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì yín." Ó ní, "Kí lo wí?" Mo tún un sọ. Mo ní èmi ni, ọkọ̀ mi ni. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, lẹ́yìn náà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó wo àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ tí àjẹ̀ ti bó. Ó dìde, ó gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Ìyàwó wa ní kí n máa lọ sílé ná.

Mi ò mọ̀ bóyá ó máa wá lọ́la. Mi ò mọ ohun tí màá ṣe tó bá wá, mi ò mọ ohun tí màá ṣe tí kò bá wá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Ó wá. Mo kí i, kò dáhùn. Ó wọ ọkọ̀, ó mú àjẹ̀.

Èrò kún. Obìnrin kan tó ti wá lẹ́ẹ̀mejì ló ń kọ́ àwọn tuntun bí wọ́n ṣe ń di ojú kí wọ́n lè gbádùn ẹ̀ dáadáa. Mo ti pinnu pé màá lọ, nítorí tí mi ò bá lọ, Bàbá Olódòdó á lọ, òun ò sì mọ ibi tó yẹ kó ti yà. Ìpinnu tó dáa ni àbí èyí tí kò dáa — mi ò mọ̀. Mo rò pé màá rọra yí ọkọ̀ padà kí a tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n atẹ́gùn ń tì wá láti ẹ̀yìn, koríko ibẹ̀ sì kúrú ju bí mo ṣe rò lọ.

Mo rí wọn láàárín ewé. Ìwọ̀nba Ìyá Ìjọ tó kù, lórí àwọn igi kúkúrú, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí wa. Wọn ò gbọ́ wa. Wọn ò lè gbọ́ wa, iṣẹ́ mi ti dára jù. Gbogbo èrò ti di ojú. Mo ya ẹnu láti sọ pé ká padà, ohùn ò jáde. Mo tún un ṣe, kò jáde.

Ẹ̀gbọ́n mi gbé àjẹ̀ lé orúnkún. Ó na ọrùn sókè, ó sì fi gbogbo ohùn tó ti ń gbé mì látọjọ́ yìí ké:

"Àgò o! Àgò onílé o!"

Ọkọ̀ mì. Ẹnì kan lọgun. Ọkùnrin kan ní, "Kí lèyí? Ẹ pa á lẹ́nu mọ́, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ la sanwó fún!" Gbogbo wọn yíjú sí èmi tí mo ti ń fi ìka lé ètè fún wọn láti èbúté.

Àgò! Màmá kì í jẹ́ ká wọlé ẹnikẹ́ni láì ké e, bí ilẹ̀kùn ilé náà tiẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Àwa méjèèjì ni wọ́n kọ́. Èmi ni mo sì wá ń wọlé onílé bí olè ní gbogbo oṣù yìí, tí mò ń kó àlejò lẹ́yìn.

Àwọn Ìyá Ìjọ yí orí, gbogbo wọn. Wọ́n wò wá. A ṣì jìnnà díẹ̀, wọ́n rí ibi tí a wà. Ọ̀kan dìde dúró lórí ìtẹ́, mo ní ó ti parí. Orí kékeré kan yọ lábẹ́ ẹ̀, irun ẹ̀ rí wúruwùru, ó ya ẹnu gbàgà. Ọmọ! Ọmọ wà níbẹ̀! Ìyá náà wò wá, ó wo ọmọ, ó sì rọra jókòó padà.

Bóyá ohùn yẹn ni. Bóyá nítorí pé a ò tíì sún mọ́ wọn ni. Aláwò á ní èèyàn ò lè fi ọjọ́ kan sọ, òótọ́ ló máa sọ.

Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí mi. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá mi sọ láti àná nìyí: "Ṣé èmi nìkan ni màá máa ké e ni?"

Ọkùnrin yẹn ní òun máa rí Àǹtí, pé òun ò ní gbà. Mo ní kí wọ́n máa bínú, mo ní kí wọ́n la ojú, mo ní ẹ bá wa kí àwọn onílé. Mo ké àgò. Mo tún un ké. Obìnrin tó ti wá lẹ́ẹ̀mejì nìkan ló bá wa ké e, ohùn ẹ̀ kéré, ó ń wò mí bí ẹni tí orí ẹ̀ ti dàrú.

A wa ọkọ̀ sẹ́yìn-sẹ́yìn, à ń ké e títí a fi jáde nínú koríko. Kò sí ìkankan nínú wọn tó fò.